Ọlidé Gígùn àti Ọwọ́ Àwọn Ọmọ Wa

Okun o, gẹ́gẹ́ bí àwa ará Kàbà àti agbègbè wa ti máa ń kí ara wa, títí àwọn ará ibòmíràn fi ìkíni náà sọ wá lórúkọ. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ní oṣù yìí kò jẹ mọ́ ọbẹ̀ sísè, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ mọ́ aṣọ rírán, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ tí mo fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ọlidé gígùn ni, èyí tí ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù Keje tí ó sì ń wọ oṣù Kẹsàn-án. Bí ọlidé yìí bá ti ń súnmọ́lé, ìbéèrè méjì ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu gbogbo ìyá: Ta ni yóò máa bá mi wo ọmọ? Níbo ni lẹ́sìn tí ó dára wà?

Èmi kò kórìíra lẹ́sìn. Olùkọ́ ni mí. Ẹnu mi kò gba ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì láti oṣù Kẹsàn-án títí di oṣù Keje, tí a tún mú padà sórí bẹ́ǹṣì kan náà láti aago mẹ́jọ òwúrọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán, kí ni ó kù nínú ọlidé náà tí ó jẹ́ ti ọmọ?

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, aládùúgbò mi kan mú ìwé ìṣirò ọmọbìnrin rẹ̀ wá bá mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Tíṣà lẹ́sìn rẹ̀ ti fi yíǹkì pupa kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ náà fẹ́ràn eré jù, kí ìyá rẹ̀ bá a wí. Ìyá náà ní, “Àǹtí, ẹ̀yin náà tíṣà ni yín. Ẹ wò ó, kí ni kí n ṣe fún un?” Mo ṣí ìwé náà. Lábẹ́ ìṣirò pínpín tí ó yẹ kí ó ṣe, ọmọ náà ti ya alángbá mẹ́ta sára ògiri. Ọ̀kan gbé orí sókè, ọ̀kan dorí kodò, ẹ̀kẹta kò ní ìrù mọ́. Mo ka ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: márùn-ún márùn-ún ni, kò sí ẹsẹ̀ tí ó dín. Ọmọ tí wọ́n ní kò mọ ìṣirò! Mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé kí ó bá a wí nítorí ìṣirò tí kò ṣe, ṣùgbọ́n kí ó má bá a wí nítorí alángbá. Kí ó sì ra ìwé mìíràn tí kò ní ìlà fún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Ògìdì ní ilẹ̀ Ìjùmú kò jìnnà sí Kàbà níbí. Ọkọ̀ kì í pẹ́ dé ibẹ̀. Méjì nínú àwọn oníṣẹ́-ọnà Nàìjíríà tí òkìkí wọn kàn jùlọ, ìlú yìí ni a ti bí wọn. Èkíní ni ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Twins Seven-Seven, tí a bí ní 1944. Òun fúnra rẹ̀ a máa sọ pé oríṣi ìbejì méje ni ìyá òun bí, àti pé òun nìkan ṣoṣo ni ó kù nínú wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ti rọbí ẹ mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wúwo tó. Èkejì ni Nike Okundaye, tí a bí ní 1951. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ìyá àgbà tí ó tọ́ ọ jẹ́ ahunṣọ àti aláṣọ àdìrẹ, lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ni ó sì ti kọ́ iṣẹ́ òwú àti aró. Kò sí ẹni tí ó jókòó tì í pẹ̀lú ìwé. Ó ń wò, ó ń báni ṣe é, títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ̀ ọ́n.

Òṣogbo ni àwọn méjèèjì ti di olókìkí. Ní 1962, Dúró Ládiípọ̀, ẹni tí ó ṣe eré Ọba Kò So, àti Ulli Beier, ará Jámánì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, dá ilé Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ ní ìlú náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe àwọn ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ọlọ́jọ́ díẹ̀ tí àwọn òyìnbó ń pè ní sọ́mà sùkúù. (Ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn ni, òjò tiwa ni.) Denis Williams, ayàwòrán ará Guyana, ni ó darí ti 1962 àti ti 1963, Georgina Beier ni ó darí ti 1964. Àwọn tí ó wá síbẹ̀ kì í ṣe ọmọ yunifásítì. Rufus Ògúndélé, Jacob Afọlábí àti Múráínà Oyèlámì jẹ́ òṣèré nínú ẹgbẹ́ Dúró Ládiípọ̀. Jímọ̀h Búráímọ̀h, iná mànàmáná ni ó ń tún ṣe fún ẹgbẹ́ náà. Oníjó ni Twins Seven-Seven. Ó ti ń jó kiri pẹ̀lú ẹni tí ń ta oògùn kí ó tó ya Òṣogbo. Georgina Beier kò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn bí a ṣe ń wọn imú àti ojú. Ó kó ọ̀dà àti pákó sílẹ̀ fún wọn, ó ń wò wọ́n, bí ó bá sì rí ohun tí ó jẹ́ ti ẹnì kan nìkan nínú iṣẹ́ rẹ̀, ó ní kí ó máa bá a lọ. Láàárín ọdún díẹ̀, àwòrán wọn ti dé Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ní 2005, àjọ UNESCO fi Twins Seven-Seven jẹ oyè oníṣẹ́-ọnà fún àlàáfíà. Ó kú ní 2011.

Ní ti Nike, ó dá ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1983, ó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àdìrẹ, bàtíìkì àti àwòrán láìgba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ wọn. Ní 1996 ó padà sí Ògìdì, ó sì kó àwọn obìnrin jọ sídìí iṣẹ́ aṣọ híhun. Ní 2000, ìjọba Ítálì pè é kí ó wá kọ́ àwọn ọmọbìnrin ilẹ̀ wa tí wọ́n ti ṣìnà sí òwò ara títà níbẹ̀ ní iṣẹ́ ọwọ́ tí wọn yóò fi jẹun. Ẹ rò ó wò, ohun tí ọmọ òrukàn kan rí kọ́ lẹ́sẹ̀ ìyá àgbà ní Ògìdì ni wọ́n wá ń wá ní Róòmù.

Àwọn kan a máa sọ pé òyìnbó ni ó fi iṣẹ́ ọnà lé àwọn ará Òṣogbo lọ́wọ́. Èmi kò gbà. Àyè, ọ̀dà àti ìdákẹ́jẹ́ ni wọ́n rí gbà níbẹ̀, ìyẹn kì í sì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n iwin, ẹranko, òrìṣà àti ọba tí wọ́n yà, ilé ni wọ́n ti gbé wọn wá, láti inú àlọ́ alẹ́ àti láti ara ogiri ilé àti aṣọ ara ìyá wọn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ohun kan wà tí ó ń bà mí lẹ́rù, òun sì ni mo fi jókòó kọ ìwé yìí. Bí wọ́n bá gbé ọ̀dà fún ọmọ tiwa lónìí, kí ni yóò gbé wá láti ilé?

Ní ilẹ̀ Okun, ilé ni ilé ìwé iṣẹ́ ọwọ́ wà tẹ́lẹ̀. Òfì àwọn obìnrin, èyí tí ó dúró gbọọrọ sí ara ògiri ọ̀ọ̀dẹ̀, kì í kúrò lójú ọmọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà ń gbọn òwú, ọmọ ọdún mẹ́jọ ń ràn án, ọmọ ọdún mẹ́wàá ti ń bá ìyá rẹ̀ ta á. Aṣọ ipò pupa tí àwọn obìnrin Bùnú ń hun fún ìsìnkú àwọn olóyè níyì tó bẹ́ẹ̀ tí Elisha Renne, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, fi kọ odidi ìwé lórí aṣọ Bùnú ní 1995. Èmi a máa fi ìwé náà kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Nínú kíláàsì kan tí ó kún fún ọmọbìnrin ilẹ̀ wa, mo béèrè ẹni tí ó ti fọwọ́ kan òfì rí. Ọwọ́ mẹ́ta péré ni ó sókè. Àwọn ìyá wa ta aṣọ kí wọ́n lè rán wa lọ sí ilé-ìwé. Ilé-ìwé ni ó sì gba gbogbo ọjọ́ tí à bá fi kọ́ ohun tí wọ́n ń tà. N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ṣùgbọ́n mo ṣírò ọjọ́ inú ọdún fún ọmọ òde òní, mo rí i pé ọlidé gígùn yìí nìkan ni ó kù tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì jẹ́ tirẹ̀. Bí a bá fi gbogbo rẹ̀ fún lẹ́sìn, ó parí.

Àbúrò ọkọ mi obìnrin tí ń gbé ní Chicago sọ fún mi pé ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ọgbà ìlú níbẹ̀ ń gba orúkọ ọmọdé sílẹ̀. Ọmọ yóò lọ ní òwúrọ̀ pẹ̀lú oúnjẹ rẹ̀, yóò yàwòrán, yóò mọ amọ̀, yóò gbá bọ́ọ̀lù, yóò sì padà sílé sùn. Ní àdúgbò tèmi kò sí irú ọgbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ní ni igi máńgòrò ńlá kan ní ẹ̀yìn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọ̀ọ̀dẹ̀ kíláàsì méjì tí a lè sá sí bí òjò bá dé, àti ìyáàfin ọ̀gá ilé-ìwé tí ó gbà wá láyè pẹ̀lú àdéhùn pé a ó máa gbálẹ̀ kí a tó lọ. Àwa ìyá márùn-ún ni a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: aránṣọ kan, nọ́ọ̀sì kan, ẹni tí ń ta làfún àti gààrí, ìyá ọmọ alángbá, àti èmi. Ọmọ 17 ni ó wá, láti ọmọ ọdún 5 sí 12. Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀ ni, láti aago mẹ́sàn-án sí aago kan, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìyá méjì méjì ni ó ń dúró lójoojúmọ́, àwọn yòókù a sì bá òwò wọn lọ. Owó tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa dá kò tó owó lẹ́sìn ọ̀sẹ̀ kan.

A kò ra ọ̀dà. Ilé ìdáná ni a ti kó o. A lọ èédú fún dúdú, efun fún funfun, osùn fún pupa, àtàlẹ̀ pupa fún ìyeyè. A se ògì díẹ̀ kí ó ki bí lẹ́ẹ̀, a fi pò wọ́n kí wọ́n lè mú ara ìwé. A rẹ zóbò sínú omi gbígbóná, ibẹ̀ ni ẹnu ti ya àwọn ọmọ. Bí o bá kán omi káún díẹ̀ sínú omi zóbò, pupa rẹ̀ yóò ṣí, yóò di àwọ̀ aró tàbí àwọ̀ ewé. Bí o bá tún fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, pupa yóò padà. Omi káún kan náà a sì sọ àtàlẹ̀ di pupa rúsúrúsú. Ọmọ ọkùnrin kan dán an wò tó ìgbà mẹ́wàá, ó ń kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ láìsí ẹni tí ó rán an. Bí ẹ bá fẹ́ kí baba rẹ̀ gbà, ẹ sọ fún un pé sáyẹ́ǹsì ni, irọ́ kọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì a ṣe àdìrẹ. Àwọn ńlá fi ìko di òkúta wẹ́wẹ́ sínú aṣọ funfun tí aránṣọ wa ṣẹ́kù. Àwọn kékeré fi ìyẹ́ adìyẹ tọ làfún sísè sára tiwọn. Ṣùgbọ́n níbi aró ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Kọ́sítíìkì sódà àti haidiró tí àwọn aláró òde òní ń lò kì í ṣe ohun tí ọmọdé lè súnmọ́. Àgbà kan ṣoṣo ni kí ó po ó, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ní gbangba tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Sódà ni a ń dà sínú omi. A kì í da omi lé sódà lórí, nítorí yóò hó, yóò sì ta síni lójú. Ẹ má ṣe tọ́jú rẹ̀ sínú ìgò ohun mímu láéláé. Bí ó bá ta sí ọmọ lára, omi púpọ̀ ni kí ẹ máa dà sí i. Bí ọmọ bá gbé e mì, ẹ má ṣe fún un ní epo pupa, ẹ má ṣe mú un bì, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Nọ́ọ̀sì wa ni ó rẹ aṣọ náà fún gbogbo wọn, àwọn ọmọ sì jókòó sí ọ̀ọ̀kán ń wò bí aṣọ ti ń jáde ní àwọ̀ ewé tí ó sì ń di aró bí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ti òfì. Ìyá àgbà kan wà ní àdúgbò wa tí gbogbo wa ń pè ní Ìyé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wá kọ́ àwọn ọmọ, ó wò mí pẹ́, ó ní, “Ta ni ó fẹ́ mọ̀ ọ́n? Àwọn ọmọ mi gan-an kò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi.” Mo lọ lẹ́ẹ̀kejì, mo mú ọmọ mẹ́rin dání. Ọ̀kan nínú wọn bèèrè bóyá òfì máa ń já. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbà. Àwọn ọkọ wa fi igi mẹ́rin kan òfì kékeré méjì mọ́ ara ògiri ọ̀ọ̀dẹ̀. Ìyé kì í ṣàlàyé. Bí ọmọ bá ṣì í, a tú u, a tún un ṣe ní ẹ̀ẹ̀kan péré, a sì yí ojú sí ibòmíràn kí ojú má baà ti ọmọ náà. Ní ọjọ́ kejì ó ní kí ọmọ alángbá pín fọ́nrán 48 sí ọ̀nà mẹ́rin. Ọmọ náà pín in, kò ka ìka, kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo rí i, n kò sọ̀rọ̀. Èmi kò ní sọ fún yín pé ó gba ipò kìíní ní ìparí táàmù tí ó tẹ̀lé e. Kò gbà á. Ṣùgbọ́n kò tún ya alángbá sínú ìwé ìṣirò mọ́, nítorí ó ti ní ibi tí ó ń yà á sí.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni inú rẹ̀ dùn. Baba kan wá bá wa lábẹ́ máńgòrò, ó ní ṣé àwòrán ni wọn yóò bi ọmọ òun ní kọ́mọ̀n ẹ́ńtíránsì. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n dání, a kò bá a jà. A jọ fi àdéhùn sí i pé ọjọ́ méjì fún wa, ọjọ́ mẹ́ta fún lẹ́sìn. Bí ọ̀pọ̀ yín bá lè rí ìyẹn gbà lọ́wọ́ baálé yín, ó tó. Òmíràn ní òun kò fẹ́ kí ọmọkùnrin òun jókòó sídìí òfì bí obìnrin. Mo bi í bóyá ó ti dé Ìṣẹ́yìn rí, níbi tí ó jẹ́ pé àwọn ọkùnrin ni wọ́n ń hun aṣọ òkè tí òun fi ṣe agbádá ìgbéyàwó rẹ̀. Kò dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n ọmọ náà padà wá ní ọjọ́ kejì.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ dán an wò ní àgbàlá tiyín, ọmọ mẹ́rin tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Àwa àgbà ni ó máa ń ṣòro fún jù. Ẹ má gba bíríkì tàbí èédú lọ́wọ́ ọmọ láti bá a ya ẹsẹ̀ tí ó wọ́. Ẹ má bi í pé, “Kí ni èyí?” nítorí yóò gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí èébú, ẹ ní kí ó sọ ìtàn rẹ̀ fún yín. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀bùn ipò kìíní. Àwọn ọmọ ti ń gba ipò ní gbogbo ọdún, ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi. Àgbàdo sísè àti ẹ̀pà ni oúnjẹ tí ó rọrùn jù ní oṣù Kẹjọ, omi mímu tí ó mọ́ kò sì gbọdọ̀ tán nínú kẹ́ẹ̀gì.

Ọdún mẹ́ta ni a ti ń ṣe é báyìí. Ìyé sọ ní èṣí pé ojú òun kò rí fọ́nrán òwú dáadáa mọ́, àti pé bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí sí, ẹ̀ẹ̀kan sí i ni òun yóò wá. Aṣọ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta ṣì wà lórí òfì ní ilé rẹ̀, kò tíì ju ìlàjì lọ. Nítorí náà, ní ọdún yìí, òfì ni a ó fi bẹ̀rẹ̀, àwòrán yóò tẹ̀lé e. Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹjọ ni, ní aago mẹ́sàn-án. Ẹ fi aṣọ àtijọ́ wọ̀ wọ́n o. Àtàlẹ̀ kì í ṣí lára aṣọ funfun.